Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà ní Kútọnu, ará Kétu ńkọ́?

Bí kíndìnrín ẹnì kan bá ti kọṣẹ́ pátápátá, kò sí àgbo tó lè jí i padà. Ẹ̀rọ ló máa ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ohun tí àwọn dókítà ń pè ní dialyse. Ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, ẹ̀rọ náà wà ní ilé ìwòsàn ńlá CNHU ní Kútọnu, ó sì wà ní Parakou. Ó ń dá ẹ̀mí sí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irú ayé wo ni ẹni tó gbára lé e ń jẹ, pàápàá tó bá jẹ́ ará oko?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀nà. Láti Kétu dé Kútọnu, nǹkan bíi 140 kìlómítà ni. Láti Ṣábẹ̀ẹ́, ó lé ní 250. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló yẹ kí aláìsàn lo ẹ̀rọ, wákàtí 4 nígbà kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ká ní ẹ̀ẹ̀mejì náà ni, ará Kétu á rin nǹkan bíi 560 kìlómítà lọ́sẹ̀, àlọ àti àbọ̀. Ọrọọrún la ń ná ọjà wa, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ sì ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Bópẹ́bóyá, ọjọ́ ẹ̀rọ á bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Ìyá tó ń ta àgbàdo á wá yan ọ̀kan.

Ìjọba ń ṣèrànwọ́ lórí owó ẹ̀rọ, a kò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀, owó oúnjẹ, owó ibi tí èèyàn á sùn mọ́jú àti owó òògùn, àpò ẹbí ni wọ́n sábà ń ti jáde. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń fo ọjọ́ ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá fò ó, omi á kún ara, ẹsẹ̀ á wú, mímí á nira, ọkàn sì lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró lójijì.

Àárẹ̀ tún wà níbẹ̀. Kíndìnrín wà lára ohun tó ń mú kí ara ṣe ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ fi máa ń dín lára àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Abẹ́rẹ́ wà fún un, ó kàn wọ́n ni. Nílé, wọ́n á ní ó ti ya ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ kọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọwọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí fún ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo mọ́. Ẹni tó ń kó àpò gàrí sínú ọkọ̀ ti pàdánù iṣẹ́ nìyẹn.

Oúnjẹ náà yí padà: iyọ̀ àti Maggi gbọ́dọ̀ dín kù, omi mímu ní ìwọ̀n, àní nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn. Gàrí tí a fi omi rẹ, omi náà ni. Iṣu ṣeé jẹ níwọ̀nba, tí a bá gé e wẹ́wẹ́, tí a bọ̀ ọ́, tí a sì da omi rẹ̀ nù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn léwu fún ọkàn wọn. (Ẹ̀yin tó ń gbé ọsàn lọ kí aláìsàn, ẹ kọ́kọ́ béèrè.) Àwo tirẹ̀ á wá yàtọ̀ sí ti gbogbo ilé, ìbànújẹ́ sì ti ibẹ̀ ń wọlé.

Ọ̀pọ̀ ló ń bèèrè pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá sí Kétu. A fara mọ́ ọn. Àmọ́ ìfọ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ń jẹ omi tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa tó lé ní 100 lítà, ó ń fẹ́ iná tí kì í lọ, ó sì ń fẹ́ nọ́ọ̀sì tó kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ṣèlérí ẹ̀rọ fún wa, ẹ bi í léèrè omi àti iná.

Ọkọ̀ ni kò ní pẹ́ rí. Ọ̀nà kan náà ló gba Kétu, Pobè, Sakété àti Àjàṣẹ́ kọjá lọ sí Kútọnu. Ọkọ̀ kan tí àwọn kọmúùnù bá pawọ́ pọ̀ san owó rẹ̀ lè máa kó àwọn aláìsàn lọ kó sì kó wọn bọ̀, lọ́jọ́ tí ilé ìwòsàn bá fún wọn. Àwọn ìyá ọlọ́jà wa ti ń dáwó jọ gba ọkọ̀ ẹrù láti ọjọ́ pípẹ́.