Ọ̀dà Tuntun Lára Kẹ̀kẹ́ Ẹṣin Àtijọ́

Àwọn tí ń gbé Òkòtà, níbi tí ariwo ọkọ̀ kì í dáwọ́ dúró, lè béèrè pé kí ni ó kàn wọ́n nínú ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ó kàn wọ́n. Ní Èkó lónìí, àwọn ẹlòmíràn ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé òkú àgbà lọ sí itẹ́. Bí ògbólógbòó kan nínú wọn bá sì bàjẹ́, ọ̀dọ̀ káfíńtà àti alágbẹ̀dẹ ni a ó gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ tí oníkẹ̀kẹ́ yóò kọ́ sọ ni pé, “Ẹ bá mi kùn ún kí ó dán.” Níbẹ̀ ni ewu wà.

Iṣẹ́ yìí ṣe àjèjì sí wa, kò sì ṣe láìnídìí. Ní 1863, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán Richard Burton sí Glele, ọba Dàhòmì, ẹni tí ó ti béèrè kẹ̀kẹ́ àti ẹṣin. Wọ́n ní kí ó ṣàlàyé fún un pé ó ṣe iyèméjì bí ẹṣin òkèèrè yóò pẹ́ láyé níbẹ̀. Ní 1895 ni David Bruce, ní ilẹ̀ àwọn Súlù, rí i pé eṣinṣin tsetse ni ó ń gbé àrùn tí ń pa ẹṣin àti màlúù kiri. Níbi tí ẹṣin kò ti lè yè, ta ni yóò kọ́ iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀?

Nítorí náà, kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà kúrò nílẹ̀, kí ó sì fi òòlù igi kan àwọn ọ̀pá inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó dúró ṣinṣin yóò dún ketekete; ohùn èyí tí ó ti tú kò ní já gaara. Àwọn kan a máa rẹ ẹ́ sínú omi kí igi lè wú. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, igi a tún súnkì, oríkèé rẹ̀ a sì tú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àtúnṣe tòótọ́ ni kí a fi igi líle tí ó ti gbẹ rọ́pò ọ̀pá tí ó ti bàjẹ́, kí alágbẹ̀dẹ sì dín òrùka irin etí rẹ̀ kù díẹ̀, kí ó fi iná mú un gbóná títí yóò fi fẹ̀, kí ó fi bọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, kí ó sì da omi sí i kíákíá. Bí irin ti ń tutù ni yóò máa súnkì, tí yóò sì fún gbogbo oríkèé pọ̀.

Ìgbà náà ni ó kan ọ̀dà. Kí a má sì ha ọ̀dà àtijọ́ dànù kí a tó kọ àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Kí a pa igi tí a yọ mọ́, nítorí òun ni àwòkọ́ṣe fún ẹni tí yóò tún un ṣe lẹ́yìn wa.

Ẹ̀yin bàbá tí ọmọ yín ń kọ́ṣẹ́, ẹ kọ́ wọn láti sọ òtítọ́ fún oníbàárà, bí owó ọ̀dà tilẹ̀ yá ju owó àtúnṣe lọ. Òkú inú pósí kò ní í fara pa mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ náà.