Ọ̀rọ̀ Lórí Àgbébọ̀ Oníjà: Kí A Lé Akátá Lọ Ná



Ẹ̀sùn kan wà tí àwa òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn sábà máa ń gbọ́ ní abúlé tí a bá dé. Àgbẹ̀ yóò ní òun ní àgbébọ̀ kan tí kò jẹ́ kí àwọn ìyókù sinmi. Bí a bá da àgbàdo sílẹ̀, yóò lé wọn kúrò níbẹ̀. Bí òmíràn bá fẹ́ wọ inú ìtẹ́ lọ yé, yóò sọ ọ́ ní àgógó lórí. Bí òròmọdìẹ ẹlòmíràn bá ń kọjá lọ, kò ní jẹ́ kí ó lọ ní àlàáfíà. Ìdájọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá fún irú adìẹ bẹ́ẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: kí a gbé e lọ sí ọjà, tàbí kí a fi se ọbẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ìdájọ́ yìí, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ nínú ìwé pélébé yìí.

Àwọn àgbà wa ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó wá fi àbọ̀ bá adìẹ. Nínú ọ̀ràn tí a ń sọ yìí, ìjà adìẹ ni ojú wa ń rí, ṣùgbọ́n inú ìtọ́jú tí àwa fúnra wa ń ṣe ni akátá sábà máa ń fara pamọ́ sí. Bí a bá ta adìẹ tí a kò sì lé akátá, kò ní pẹ́ tí àgbébọ̀ mìíràn yóò fi bẹ̀rẹ̀ ìjà tirẹ̀.

Ó yẹ kí a mọ̀ pé adìẹ ní àgbà àti àbúrò láàárín ara wọn. Ọ̀mọ̀wé ará Norway kan, Thorleif Schjelderup-Ebbe, tí ó ti ń ṣọ́ adìẹ láti ìgbà èwe rẹ̀, ni ó ṣe àlàyé ọ̀ràn yìí fún àwọn onímọ̀ ní nǹkan bí 1921. Ó rí i pé adìẹ kan wà tí ó lè sọ gbogbo àwọn ìyókù ní àgógó láìsí èyí tí yóò san án padà. Èkejì lè sọ gbogbo wọn àfi ẹni àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ títí dé orí èyí tí gbogbo wọn ń sọ. Nígbà tí olúkúlùkù bá ti mọ ipò rẹ̀, ìjà yóò rọlẹ̀. Nítorí náà, kí àgbà adìẹ sọ kékeré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ìwà ìkà; ìlànà ilé wọn ni. Ohun tí ó yẹ kí ó kọ wá lóminú ni kí ẹ̀jẹ̀ jáde, kí ìyẹ́ tán lẹ́yìn ẹlòmíràn títí awọ fi hàn, tàbí kí adìẹ kan máa rù nítorí pé kò ráyè jẹun.

Akátá kìn-ín-ní ni àìsí àyè. Nínú ilé tí adìẹ ń sùn, kí ẹ wá àyè tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 2 ní ìbú àti ẹsẹ̀ bàtà 2 ní òró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Igi tí wọ́n ń bà lé sùn, kí ó gùn tó íǹṣì 8 sí 10 fún adìẹ kan, kí gbogbo igi náà sì wà ní ọgbọọgba, nítorí pé ibi tí ó ga jù lọ ni wọn yóò máa jà lé lórí. Ìtẹ́ kan tó fún àgbébọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Oúnjẹ àti omi ni mo kà sí pàtàkì jù lọ: ẹ má ṣe gbé wọn sí ojú kan ṣoṣo. Adìẹ kan kò lè ṣọ́ àwo méjì tí ó jìnnà síra. Àwo kejì tí kò ju igbá àfọ́ lọ lè parí ìjà tí ẹ rò pé ọ̀bẹ nìkan ni yóò parí rẹ̀.

Akátá kejì ni oúnjẹ tí kò pé. Adìẹ tí ó ń jẹ kìkì àgbàdo yóò máa wá ohun tí ó kù lára ìyẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀. Ẹ fi kúlíkúlí lílọ̀, ikán, ẹja gbígbẹ tí a gún, àti ewé tútù kún un. Ẹ gún ìkarahun ìgbín kúnná kí ẹ sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan fún àwọn tí ń yé, nítorí pé ẹyin tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ a máa tètè fọ́, ẹyin tí ó bá sì fọ́ sínú ìtẹ́ ni ó ń kọ́ adìẹ ní ẹyin jíjẹ. Ẹ máa kó ẹyin ní òwúrọ̀ àti ní ọ̀sán.

Akátá kẹta ni kòkòrò tí ń jẹ adìẹ lára. Adìẹ tí ara ń yún kì í ní sùúrù. Ẹ wo abẹ́ apá rẹ̀ àti ẹ̀yìn ìdí rẹ̀. Ẹ da eérú tútù tí kò ní iná nínú pọ̀ mọ́ iyanrìn gbígbẹ sí ibi tí òjò kò dé, kí wọ́n lè máa yí ara nínú rẹ̀, kí ẹ sì gbá ilé wọn mọ́.

Akátá kẹrin ni àlejò. Àṣà wa ni láti fi okùn so adìẹ tuntun mọ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ kí ó má bàa sọnù. Ṣùgbọ́n bí a bá so ó sí àárín agbo, a ti dì í fún àwọn onílé kí wọ́n lù ú. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ohun tí ó dára ni kí a kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14 ó kéré tán, nítorí àrùn lúkúlúkú, èyí tí a kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní Ìbàdàn láàárín ìparí 1952 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1953, tí ó sì ń pa agbo run títí di òní. Lẹ́yìn náà, kí a fi agọ̀ bò ó ní àgbàlá fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n máa rí ara wọn láìfara kanra. Kí a sì gbé e sórí igi ní alẹ́ nígbà tí àwọn yòókù ti sùn.

Ó ku ọ̀ràn abiyamọ. Adìẹ tí ó sàba fún ọjọ́ 21, tàbí tí ó ń kó ọmọ kiri, yóò fẹ́ ìyẹ́ ọrùn rẹ̀, yóò sì dojú kọ ènìyàn pàápàá. Ẹ má ṣe kà á sí ìwà búburú. Ibínú kan náà tí ó fi ń sọ ọwọ́ yín ni ó fi ń dojú kọ àwòdì. Ìyá tí ó tutù jù kì í sábà kó ọmọ rẹ̀ dàgbà nínú àgbàlá tí kò ní ọgbà. Ẹni tí ó bá ta irú abiyamọ bẹ́ẹ̀ nítorí ìjà ti ta ẹ̀ṣọ́ ilé rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn adìẹ kan wà tí ìtọ́jú kò yí padà. Òótọ́ ni. Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí ìjà kò dáwọ́ dúró, ẹ mú oníjà náà, kì í ṣe ẹni tí a lù, kí ẹ fi agọ̀ bò ó níbi tí kò ti lè rí àwọn yòókù fún ọjọ́ 5 sí 7, kí ó máa jẹ, kí ó máa mu. Nígbà tí ó bá padà, ipò rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, òun ni yóò sì dà bí àlejò. Èyí tí ó bá ní ọgbẹ́, ẹ yà á sọ́tọ̀ títí yóò fi jinná, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ a máa fa àgógó gbogbo wọn mọ́ra. Ẹ má ṣe gé àgógó adìẹ tí ń rìn káàkiri. Òun ni ó fi ń wá oúnjẹ. Bí ẹ bá yà á sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀méjì tí kò sì yí padà, tàbí tí ó ti sọ ẹyin jíjẹ di àṣà, nígbà náà ni ìdájọ́ ọbẹ̀ tọ́. Ẹ tà á fún ẹran jíjẹ. Ẹ má ṣe tà á fún ọmọ ẹgbẹ́ yín gẹ́gẹ́ bí adìẹ sísìn, nítorí pé ẹ ó wulẹ̀ ṣí ìyọnu láti àgbàlá kan sí òmíràn ni.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni èyí: kí ọmọ ẹgbẹ́ so òwú aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àwọn àgbébọ̀ rẹ̀, kí ó sì ní ìwé kékeré tí yóò máa kọ iye ẹyin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yé, iye ọmọ tí ó pa, àti iye tí ó dàgbà sí. Kí a má ṣe ta àgbébọ̀ kankan nítorí ariwo rẹ̀ nìkan láìṣí ìwé yìí wò. Ó lè jẹ́ pé orúkọ oníjà náà ni ẹ ó bá ní òkè, òun sì ni ó ti ń san owó ìwé àwọn ọmọ yín.