Ẹ̀yin Aláwàdà, Ẹ Gbé Ìyá Wá Tòun Ti Ohùn Rẹ̀

Ọ̀gbẹ́ni Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ tẹnu mi nípa àwọn aláwàdà tó ń fi ìyá wọn pa èrò lẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní London wá kí wa nígbà ọdún Àjíǹde tó kọjá. Níbi tí ẹbí pé sí, ó wé gèlè mi, ó fọwọ́ sí ìbàdí, ó wá ń ṣe bí mo ṣe máa ń bá a wí lórí tẹlifóònù. Ẹ̀rín gba gbogbo ilé kan. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi kò dùn. Àbí nínú gbogbo ohun tí mo ṣe fún ọmọ yìí, igbe nìkan ló rí rántí? Nígbà tí mo pè é sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ má bínú, Màámi. Bí Gina Yashere náà ṣe máa ń ṣe ìyá tirẹ̀ nìyẹn." Ló bá fi eré obìnrin náà hàn mí.

Ọmọ Ẹdó ni Gina, London ni wọ́n bí i sí ní 1974. Iṣẹ́ ẹ̀rọ lífíìtì ló ń ṣe tẹ́lẹ̀ kó tó di aláwàdà. Ìyá rẹ̀ kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀ rárá: ìyá Nàìjíríà tí kò fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn ju dókítà, lọ́yà àti ẹnjiníà lọ.

Ṣé irú àwàdà yìí dára? Nígbà tiwa, ara rẹ̀ ni Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá tó kú ní 2018, fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Òun ló ń gbé aago ńlá kọ́rùn, òun ló ń wọ awò ojú gbàgàdà. Bí ẹ̀tẹ́ bá wà níbẹ̀, orí ara rẹ̀ ló ń gbà á.

Síbẹ̀, mi ò ní kí aláwàdà má dárúkọ ìyá rẹ̀ o. Ẹni tó dá dúró níwájú èrò, tí kò ní onílù, tí kò ní ẹlẹgbẹ́, kí ni yóò sọ bí kò bá sọ ti ilé rẹ̀? Ohun tó ń dùn mí ni pé ohùn ìyá nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé wá, wọn kì í gbé ìyá fúnra rẹ̀ wá.

Ibi tí mo ti wá gba ti Gina ni Bob Hearts Abishola, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tí òun, Chuck Lorre àti àwọn méjì mìíràn dá sílẹ̀, tí wọ́n ṣe láti 2019 di 2024. Nọ́ọ̀sì Yorùbá kan ní Detroit ni Abíṣọ́lá, Folake Olowofoyeku ló ṣe é. Gina ṣe Kẹ́mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Abíṣọ́lá le, kì í rẹ́rìn-ín bọ̀rọ̀. Ó ní dandan, Délé ọmọ òun gbọ́dọ̀ di dókítà, nígbà tó jẹ́ pé ijó ni ọkàn ọmọ náà wà. Ìyá orí ìtàgé náà kọ́ nìyí? Òun ni! Ṣùgbọ́n níbí, a bá a wọ bọ́ọ̀sì, a bá a dé ilé, a rí bó ti rẹ̀ ẹ́ tó, a sì gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó. A wá mọ ìdí igbe rẹ̀: ẹ̀rù ọjọ́ ọ̀la ọmọ ló ń bà á.

Ẹ̀yin aláwàdà, òrìṣà bí ìyá kò sí. Ẹ fi wá ṣeré, a fara mọ́ ọn, àmọ́ bí ẹ bá gbé igbe wa wá, ẹ gbé làálàá wa wá pẹ̀lú. Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ẹnu wa. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Bí a bá ń rẹ́rìn-ín náà, ó yẹ ká máa ríran.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.