Ọkọ̀ Ìṣeré Onírẹ́díò: Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin òbí, nọ́ńbà KV gígadabú ni àwọn òǹtajà fi ń tan ènìyàn nídìí ọkọ̀ ìṣeré onírẹ́díò. KV kì í ṣe agbára. Iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń yí ní ìṣẹ́jú kan fún fólítì kọ̀ọ̀kan ni, bí kò bá gbé ẹrù kankan. Ẹ̀rọ 3300 KV lórí bátìrì fólítì 7.4 yóò yí ní nǹkan bí ìgbà 24,400; lórí fólítì 11.1, ó di 36,600. Bí aṣàkóso eré rẹ̀ kò bá gba fólítì bẹ́ẹ̀, òórùn jíjó ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́.

Nítorí náà, aṣàkóso ni èmi yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò: kí áńpíà rẹ̀ ju èyí tí ẹ̀rọ náà lè fà lọ dáadáa. Fún ọmọdé, ẹ̀rọ oníbúrọ́ọ̀ṣì ti tó. Búrọ́ọ̀ṣì a máa jẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò wọ́n. Aláìníbúrọ́ọ̀ṣì yẹ àgbà tó fẹ́ sáré (ẹ̀yin bàbá, mo rí yín).

Bí bátìrì bá jẹ́ LiPo, aṣàkóso gbọ́dọ̀ lè gé iná kí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tó wálẹ̀ kọjá fólítì 3. Ẹ má sì fi í sórí ṣájà kí ẹ lọ sùn. Ó lè gbiná mọ́ ilé.