Wúrà Ẹnu Wáyà Kọ́ Ló Ń Gbé Ohùn

Ìyá aláta kan l'Ómù-Àrán ló kọ̀wé sí wa. Ó ní òun ra wáyà dìkódà tuntun, àwòrán ń yọ, ohùn ò jáde. Ọlọ́jà ní kó wá ra èyí tó ní wúrà lẹ́nu, tó fi ìlọ́po mẹ́rin wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣé kóun rà á?

Ìyá wa, ẹ má tíì yọwó! Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣàn yín. Ihò ibẹ̀ ló máa sọ wáyà tí ẹ ó rà.

Bó bá jẹ́ ihò róbótó yẹ́lò, funfun àti pupa, wáyà aláwọ̀ mẹ́ta ni. Yẹ́lò ló ń gbé àwòrán. Funfun ń gbé ohùn apá òsì, pupa ń gbé ti ọ̀tún. Tí ohùn ò bá jáde, ẹ yẹ funfun àti pupa wò bóyá wọ́n ti yọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ o. Dìkódà mìíràn ní ihò kékeré kan ṣoṣo, bíi ihò fóònù tí àwọn ọmọ ń ki wáyà etí bọ̀. Wáyà irú èyí jọra lójú, inú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti dìkódà kan lè má bá òmíràn mu, kí ohùn sọnù tàbí kí àwòrán dàrú. Ẹ gbé dìkódà dání lọ sọ́jà, kí wọ́n dán an wò níṣojú yín.

Bí ihò pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ HDMI sí bá wà lára méjèèjì, ẹ ra wáyà HDMI. Òun nìkan ń gbé àwòrán àti ohùn, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ ju ti aláwọ̀ mẹ́ta lọ. Ẹ̀yin onígbàjámọ̀ Èsìẹ́ tí ẹ ń fi bọ́ọ̀lù fa oníbàárà, ẹ gbọ́ o! Wúrà kì í jẹ́ kí ẹnu wáyà dípẹtà, kò sọ àwòrán di tuntun. Tí wáyà náà kò bá ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, èyí tí kò wọ́n tó ṣe é.

Tẹlifíṣàn àtijọ́ ńkọ́? Ẹ má ra wáyà tó ní HDMI lápá kan, àwọ̀ mẹ́ta lápá kejì. Láìsí ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ iná láàárín wọn, òfo ni.

Ẹ pa iná kí ẹ tó ki wáyà bọ̀ ọ́ o. Ìyá aláta, ẹ fi owó wúrà yẹn ra ata sí i. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.