Ohùn Olóògbé Kò Gbọdọ̀ Há Sínú Fáìlì Agbẹjọ́rò

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ ìwé ìhágún ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò díjú. Bí àríyànjiyàn bá dé lórí ìwé ìhágún, ó yẹ kí agbẹjọ́rò tó kọ ọ́ fi àkọsílẹ̀ ohun tí olóògbé fi ẹnu ara rẹ̀ sọ han àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ó sì yẹ kí àkọsílẹ̀ náà wà ní èdè tí olóògbé fi sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí nǹkan ṣe ń lọ ní Abẹ́òkúta. Ìyá àgbà kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, tí kò gbọ́ èdè mìíràn yàtọ̀ sí Ẹ̀gbá, yóò lọ bá lọ́yà. Ẹ̀gbá ni yóò fi ka ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́yà yóò tẹ ìwé náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá yóò tẹ̀ka níwájú ẹlẹ́rìí méjì, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Nísàlẹ̀ ìwé, wọn yóò kọ ọ́ pé a ti kà á fún ìyá, a ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ó sì dà bí ẹni pé ó yé e dáadáa. Ó dà bí ẹni pé! Ẹ̀yin ará, gbogbo làálàá ayé ìyá kan, orí "ó dà bí ẹni pé" ni wọ́n gbé e kà.

Nígbà tí ìyá bá kú, ìwé náà yóò dé ẹ̀ka tó ń bójú tó ogún ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i níbẹ̀, ẹni tó bá san owó lè gba ẹ̀dà rẹ̀. Báyìí ni ìwé Gẹ̀ẹ́sì ṣe di ohun tí gbogbo ayé lè rí. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá tó bí i ńkọ́? Inú fáìlì ló wà, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ lọ́yà.

Ẹbí kan ti pè mí rí pé kí n bá àwọn túmọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìwé náà fi ilé fún àwọn ọmọ ìyá wọn, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí lọ́yà sì lò kò kọjá ọmọ tí ènìyàn fi inú ara rẹ̀ bí. Bẹ́ẹ̀ ìyá yìí ló gba ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú, tó tọ́ ọ dàgbà, tí gbogbo àdúgbò sì mọ̀ ọ́n sí ọmọ rẹ̀. Ṣé ìyá ka ọmọ yìí mọ́ wọn nígbà tó ń sọ̀rọ̀, àbí kò kà á mọ́ wọn? Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ́un. Oníkàn ti kú, ohun tó sọ sì wà nínú àkọsílẹ̀ agbẹjọ́rò. Wọ́n kọ̀wé sí i. Èsì rẹ̀ ni pé àṣírí oníbàárà òun ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè wa mọ ohun tí mo ń wí. "Ọmọ mi" lẹ́nu Yorùbá gbòòrò ju ọmọ inú ẹni lọ. "Àbúrò mi" lè jẹ́ ọmọ ìyá ẹni, ó sì lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni. "Ilé wa" lè jẹ́ ilé tí ìyá fi owó àdìrẹ kọ́, ó sì lè jẹ́ agbo ilé tí gbogbo ẹbí jọ ni, tí ẹnì kan kò lè fi ìwé ìhágún fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí di Gẹ̀ẹ́sì ti yan ìtumọ̀ kan, ó sì ti pa ìyókù tì.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé Yorùbá kò ṣe é lò níwájú adájọ́. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ti Èkó dé iwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ Ọbabìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962. Ogún ọkùnrin kan tó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n ń jà sí. Ṣé ìdí-igi ni kí a fi pín in, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀? Ìdí-igi ló borí. Àwọn adájọ́ òyìnbó fi ọ̀rọ̀ méjèèjì sílẹ̀ ní Yorùbá nínú ìdájọ́ wọn. Bí Lọ́ńdọ̀nù bá lè kọ "ìdí-igi", kí ló dé tí lọ́yà Abẹ́òkúta kò lè kọ "ọmọ mi"? Ìlú tí a ti tẹ Ìwé Ìròyìn ní 1859 mà ni!

Àwọn agbẹjọ́rò yóò ní òfin ló de àwọn lẹ́nu. Òótọ́ ni pé Òfin Ẹ̀rí ti 2011 kò gbà kí lọ́yà tú àṣírí oníbàárà láìgba àṣẹ rẹ̀, kódà lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Òfin tó dára ni, nítorí ẹni tó bá ń bẹ̀rù òfófó kò ní sọ òótọ́ fún lọ́yà rẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà ló ni àṣírí náà, lọ́yà kọ́ ló ni ín. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ti kó òfin ìwé ìhágún wá, kóòtù ti sọ nínú ẹjọ́ Russell àti Jackson ní 1851 pé irú àṣírí yìí kò gbọdọ̀ dínà nígbà tí àwọn tó ń jà bá jọ ń tọ ẹ̀tọ́ wọn wá láti ọ̀dọ̀ olóògbé kan náà. Nínú ẹjọ́ Larke àti Nugus ní 1979, wọ́n tún sọ pé agbẹjọ́rò tó kọ ìwé tí ìjà dé sí gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bí ìwé náà ṣe wáyé. Ìdájọ́ wọn kò di dandan fún kóòtù wa, ṣùgbọ́n a kì í jogún aṣọ ká gbàgbé ṣòkòtò.

Gbogbo wa la gbọ́ bí ogún Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, ọmọ Ẹ̀gbá, ṣe di ti kóòtù lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 7 July 1998. Ilé olówó lè gba lọ́yà mẹ́wàá. Àwọn ọmọ ìyá aládìrẹ ńkọ́?

Ohun tí mo ń béèrè nìyí. Kí lọ́yà kọ ọ̀rọ̀ oníbàárà sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kó tó kọ ti Gẹ̀ẹ́sì. Kó kọ ọjọ́, ẹni tó wà níbẹ̀, àti ẹni tó ṣe ògbufọ̀. Bí ìjà bá dé, kó fi í han àwọn tó kàn. Bí ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè ba ẹlòmíràn lórúkọ jẹ́ bá wà nínú rẹ̀, kí adájọ́ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin ẹbí náà, ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n bá ti pín ogún tán kí ẹ tó kọ̀wé béèrè. Òfin kò kúkú sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni dandan; ìwé, ìfọwọ́sí àti ẹlẹ́rìí ló béèrè.

Àgbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bí a bá gbọ́ ti lọ́yà, tí a gbọ́ ti ọmọ, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti òkú pẹ̀lú, ní èdè ẹnu rẹ̀.