Béárìn Kẹ̀kẹ́ Kì í Kú Lójijì

Bí kẹ̀kẹ́ bá ń dún gbirigbiri ní ìdodo wíìlì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayé ló dé bá a. Béárìn ló ń ké. Ó ń sọ fún ẹni tó gùn ún pé gíríìsì ti tán, yanrìn ti wọlé, omi sì ti ń ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í dá a lóhùn. Wọ́n á ní, "Ó ṣáà ṣì ń yí, kí ló kù?" Ó dìgbà tó bá há mọ́ ojú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn kí wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti ní igi gańgan má gùn mí lójú, láti òkèèrè la ti ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ wá oúnjẹ òòjọ́, àtẹni tó ń gbé búrẹ́dì kiri, àti káfíńtà tó ń gbé ayùn lọ síbi iṣẹ́. Ní May 2023 tí ìjọba àpapọ̀ yọwọ́ ìrànwọ́ kúrò lórí epo pẹtiróòlù, lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ tó gbádùn mọ̀ lọ́jọ́ náà pé òun ní nǹkan lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ kì í mu epo. Gíríìsì díẹ̀ ló ń tọrọ.

Kí tiẹ̀ ni béárìn? Òrùka irin méjì ni, ọ̀kan kékeré, ọ̀kan ńlá. Kékeré wà nínú ńlá, àwọn ọmọ irin roboto bíi gólí sì wà láàárín wọn. Òrùka òde jókòó sínú họ́ọ̀bù, ìyẹn ìdodo wíìlì. Òrùka inú ló di ọ̀pá àárín mú. Àwọn ọmọ náà ló ń yí, tí irin kò fi ní máa ha irin.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tòní. Ní 1794, oníṣẹ́ irin kan ní Wales tó ń jẹ́ Philip Vaughan gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin. Ní 1869, Jules Suriray ní Paris gba tirẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ ológeere. Lọ́dún náà gan-an, ní November 7, James Moore gun kẹ̀kẹ́ oníbéárìn láti Paris dé Rouen, ó sì gba ipò kìíní.

Kẹ̀kẹ́ Raleigh ayé àwọn bàbá wa kò ní wàhálà púpọ̀ lórí èyí. Àwọn ọmọ béárìn rẹ̀ kò sí nínú àpò kankan, wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti iwájú sábà máa ń jẹ́ 10 lápá kan, ti ẹ̀yìn 9, àmọ́ ti ẹ̀yìn tóbi jù. A ó tú u, a ó fọ̀ ọ́, a ó fi gíríìsì sí i, a ó sì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó ń wọlé nísinsìnyí, odindi béárìn tí wọ́n fi rọ́bà bò lójú ló wà nínú wọn. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oníkẹ̀kẹ́ àtẹni tó ń tún un ṣe. Bó ṣe máa ń lọ nìyí:

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi wo kẹ̀kẹ́ tọ́mọ mi fi ń gbé búrẹ́dì. Ó ń han bí ẹlẹ́dẹ̀."

"Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹ kú àtàárọ̀. Wíìlì yìí ti lọ nìyẹn. Ẹ lọ ra odindi."

"Odindi kẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ṣé kò sí ohun tí ẹ lè bá mi ṣe sí i ni?"

"Wọ́n ti bò ó pa ni, ìyá. Irú èyí kì í ṣe títú."

Nígbà mìíràn, òótọ́ lọ̀gá sọ, wíìlì ti lọ lóòótọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, béárìn méjì péré ló fẹ́ fọ̀, tàbí tó fẹ́ pààrọ̀, tí owó odindi wíìlì fi fẹ́ bọ́ lápò obìnrin yẹn. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe dá a mọ̀?

Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sókè, ẹ di orí wíìlì mú, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń dún kọ́kọ́kọ́, tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ sì le dáadáa, béárìn ti ń jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wíìlì, kí ẹ fi ìka méjì yí ọ̀pá àárín. Bí ó bá ń yọ̀ bí ẹni fi òróró sí i, ara rẹ̀ le. Bí ó bá ń ha bíi gàrí, ìdọ̀tí ló wọlé. Bí ó bá ń yí díẹ̀, tó ń há, tó tún ń yí, ojú irin ti bó nínú. Fífọ̀ kò lè wo ìyẹn sàn.

Tó bá jẹ́ ìdọ̀tí, títú ni. Ẹ yọ ọ̀pá àárín, ẹ ó rí rọ́bà pẹlẹbẹ lójú béárìn. Ẹ fi orí abẹ́rẹ́ tàbí ẹnu ọ̀bẹ tó fẹ́lẹ́ gbé etí rẹ̀ sókè jẹ́jẹ́, kó má ká. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ inú rẹ̀ títí omi dúdú yóò fi tán. Ẹ má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ o. Bí iná bá gbé e, ọ̀rọ̀ béárìn kọ́ la ó máa sọ mọ́. Ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má sì gbé e lọ síbi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọganáísà pé kó fẹ́ ẹ kó máa yí fìrìfìrì. Béárìn tí kò ní gíríìsì lè fọ́ níbi tó ti ń sáré bẹ́ẹ̀, kó fò lu ènìyàn lójú.

Bí ó bá gbẹ, tó sì ń yọ̀, ẹ fi gíríìsì tuntun sí i. Kò gbọdọ̀ kún bámúbámú. Kó gba bí ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì àyè inú rẹ̀, ó tó. Ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì kì í ṣe gíríìsì: ó ń ṣàn ni, á sì fọ gíríìsì tó kù dànù. Epo pupa ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ẹ wá fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà padà yíká.

Bí ó bá jẹ́ pípààrọ̀ ni, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú 6001-2RS. 01 ìparí yẹn ń sọ pé ihò inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 12. Bí ó bá jẹ́ 00, 10 ni. 02 jẹ́ 15, 03 sì jẹ́ 17. 2RS túmọ̀ sí pé rọ́bà wà lójú méjèèjì. ZZ jẹ́ ìdérí irin, omi sì tètè ń rí ọ̀nà wọ ìyẹn. Ẹ mú ògbólógbòó dání lọ bá onísípéà páàtì. Onísípéà ọ̀kadà náà lè ní in, nítorí pé nọ́ńbà kan náà kì í yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni fífi tuntun sí i. Bí ẹ bá ń tì í wọ họ́ọ̀bù, òrùka òde nìkan ni kí agbára bà. Ẹ fi ògbólógbòó lé e lórí gẹ́gẹ́, kí ẹ máa fi hámà kàn án jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá lu òrùka inú, àwọn ọmọ náà á dá ojú irin lu, tuntun á sì ti kú kó tó dé títì. Ṣùgbọ́n bí béárìn tuntun bá kàn jábọ́ wọlé láìjẹ́ pé ẹnì kan tì í, tó ń dá yí nínú họ́ọ̀bù, họ́ọ̀bù ti jẹ. Ìgbà náà ni odindi wíìlì di dandan. Owó àìtètè gbọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ẹ máa gbé béárìn tó kú lé oníbàárà lọ́wọ́, kó fi ìka ara rẹ̀ yí i wò. Oníbàárà tó bá rí òótọ́ yóò padà wá. Ẹ̀yin oníbàárà náà, ẹ má torí pé béárìn kéré kẹ́ ẹ sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ kéré. Owó béárìn lọ́tọ̀, owó ọwọ́ lọ́tọ̀. Bí òjò bá sì ti rọ̀ tí kẹ̀kẹ́ la odò kọjá, ẹ má dúró dìgbà tó bá ké. Béárìn kì í kú lójijì, àwa tó ni ín ni kì í tètè gbọ́.